Àmì Orí Lẹ́tà: Bí Yorùbá Ṣe Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Ojú ènìyàn rí lẹ́tà mẹ́ta nínú “ọ̀rọ̀”. Kọ̀ǹpútà rí márùn-ún níbẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tó ń rí méje. Bí ẹni tó ń kọ ètò fún fóònù kò bá mọ èyí, tó pàṣẹ pé kí ètò náà gé gbogbo orúkọ tó bá ti ju iye kan lọ, ó lè gé àmì ohùn kúrò lórí lẹ́tà tó gbé e. Kò sí ẹni tó ti kọ Yorùbá sórí ẹ̀rọ tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí: àmì tó fò lọ jókòó sórí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀, àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí ọ̀ wà, orúkọ ọmọ tó di àmì ìbéèrè nínú fọ́ọ̀mù.

Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni ìbéèrè kan tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò yé bi ara wọn. Bí ìlànà kan bá wà tí gbogbo ayé ti fọwọ́ sí, ṣé kí oníkálukú jókòó kọ kóòdù tí yóò mú ìlànà náà ṣẹ fúnra rẹ̀, àbí kó gbára lé èyí tí ẹlòmíràn ti kọ? Lẹ́tà Yorùbá ti jìyà lọ́wọ́ ìdáhùn méjèèjì, ó sì ti jèrè lára wọn.

Ìṣòro náà ju kọ̀ǹpútà lọ lọ́jọ́ orí. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, nígbà tí àdéhùn kò tíì sí lórí bí a ó ṣe ya ẹ sọ́tọ̀ sí e lójú ìwé. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ń wá álífábẹ́ẹ̀tì kan tí wọn yóò lè fi kọ gbogbo èdè tí iṣẹ́ wọn bá gbé wọn dé. Karl Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ṣe irú rẹ̀ jáde ní nǹkan bí 1855, CMS sì tẹ́wọ́ gbà á. Ní 1875, ìpàdé CMS kan ní Èkó, tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther darí, fẹnu kò lórí ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ìlànà orí tákàdá lọ́tọ̀, òjé inú àpótí atẹ̀wé lọ́tọ̀. Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì CMS, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, òjé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ tò sórí ìlà. Lẹ́tà tí òjé rẹ̀ kò bá sí nínú àpótí kò lè dé ojú ìwé, ìbáà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló fọwọ́ sí i. Taipuráítà tó dé lẹ́yìn náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò ní àpótí tí a lè fi òjé kún. Akọ̀wé á tẹ lẹ́tà rẹ̀ tán, á yọ tákàdá náà, á fa bíró jáde, á sì máa tọ́ àmì sí i lábẹ́ àti lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fi kábọ̀n tẹ ẹ̀dà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa tọ́ ọ.

Kọ̀ǹpútà bá èdè Gẹ̀ẹ́sì wá sáyé. ASCII, ìlànà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1963, fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan, àyè 128 péré ló sì ní. ISO 8859-1 ti 1987 sọ àyè di 256 nítorí àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. À, á, è, é àti àwọn ẹgbẹ́ wọn rí ìjókòó nítorí pé àwọn èdè bíi Faransé, Pọtogí àti Sípáníìṣì nílò wọn. Ẹ, ọ àti ṣ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ kọ Yorùbá náà sì ṣe. Wọ́n ṣí inú fọ́ǹtì, wọ́n wá àmì tí Yorùbá kì í lò, wọ́n pa àwòrán rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì ya ẹ tàbí ọ̀ sí àyè rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ bọ́tìnì tó yẹ kó tẹ̀ á rí Yorùbá tó jọjú lórí tákàdá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ni wọ́n tẹ̀ báyìí, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn lásìkò tiwọn.

Ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí fáìlì náà bá kúrò nílé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. Nọ́ńbà àmì Faransé kan tàbí ti owó ilẹ̀ òkèèrè kan ni, tí wọ́n wọ aṣọ ẹ fún. Bí wọ́n bá gbé e dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, aṣọ á bọ́, ìwé á di wúruwùru. Fọ́ǹtì tí ẹlòmíràn ṣe fún ara rẹ̀ kò sì lè gbà á là, nítorí pé oníkálukú ló yan àyè tó wù ú. Ẹni tó bá ní fáìlì irú ìgbà náà nílé lónìí, tí fọ́ǹtì rẹ̀ ti sọnù, á jókòó tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Àtúnṣe gidi bẹ̀rẹ̀ ní California. Joe Becker ní ilé iṣẹ́ Xerox, pẹ̀lú Lee Collins àti Mark Davis ní Apple, bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò lórí ìlànà kan tí yóò fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Becker kọ ìwé àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ ní 1988, ó sì sọ ọ́ ní Unicode. Wọ́n dá àjọ Unicode Consortium sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1991, ìwé ìlànà àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Nígbà tí ẹ̀dà 1.1 dé ní 1993, ẹ àti ọ ti wà nínú rẹ̀, ní tòsí àwọn lẹ́tà Vietnam, nítorí pé àwọn ará Vietnam náà ń fi àmì sábẹ́ e àti o. Ṣ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó ń fi lẹ́tà Látìn kọ èdè India ń lò ó. Ǹ dúró di ẹ̀dà 3.0 ní 1999, àwọn ará Ṣáínà sì nílò òun náà fún Pinyin wọn. Ẹsẹ̀ àjèjì ni Yorùbá tẹ̀ lé wọlé.

Ẹ̀yìn àlejò ló wọlé, kò sì rí gbogbo ìjókòó. Ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ẹ́ á mú ẹ, á sì fi àmì òkè tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà kejì. Àwọn ará Vietnam ní ế tó ru àmì méjì lórí ìjókòó kan ṣoṣo, ìyẹn sì dun ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó mọ̀ nípa rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀kùn ti tì. Láti ìgbà ẹ̀dà 3.1 ní 2001, àjọ náà ti ṣèlérí fún ayé pé àwọn kò ní yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so lẹ́tà àti àmì pọ̀ padà mọ́, kí àwọn ìwé tó ti wà nílẹ̀ má bàa dàrú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún ẹ́ ní nọ́ńbà lọ́la, ìlànà náà á tún tú u sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ́ yìí dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹnì kan lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ tó fi àmì òkè tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti é, kó wá fi àmì abẹ́ kún un. Kííbọ́ọ̀dù kẹta lè tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: e, àmì abẹ́, àmì òkè. Lójú òǹkàwé, ọ̀kan náà ni wọ́n, Unicode náà sì sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ètò tó kàn ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, àjèjì mẹ́ta ni wọ́n. Bí akọ̀wé iléèwé bá fi kọ̀ǹpútà kọ “Bọ́lá” sílẹ̀ lọ́nà kìíní, tí bàbá ọmọ náà wá fi fóònù wá orúkọ náà lọ́nà kejì, ètò lè fèsì pé kò sí ọmọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níléèwé náà.

Unicode ti kọ bí a ṣe lè mú ọ̀nà gbogbo padà sí ọ̀kan. Ìwé ìlànà rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni lè kà á kó sì fúnra rẹ̀ kọ kóòdù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló sì gbìyànjú. Ibi tó ti ń mú wọn ni pé àwọn tábìlì ìlànà náà kì í dúró sójú kan. Ẹ̀dà 16.0 tó jáde ní 2024 ní lẹ́tà àti àmì 154,998, òmíràn sì ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kọ tirẹ̀ parí lónìí ti gba iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ ìsinmi. Nítorí èyí ni àkójọ kóòdù tó ń jẹ́ ICU ṣe gbajúmọ̀. IBM ló sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní 1999. Láti 2016, abẹ́ Unicode Consortium fúnra rẹ̀ ló wà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ìlànà náà gan-an. Ó ṣòro láti rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìyẹn.

Síso nọ́ńbà pọ̀ jẹ́ apá kan. Yíya lẹ́tà sójú ẹ̀rọ ni apá kejì, ibẹ̀ sì ni ìtàn ti gùn jù.

Microsoft àti Adobe jọ kéde OpenType ní 1996. Nínú fọ́ǹtì OpenType, ẹni tó ya lẹ́tà á yan ojú kan sórí ẹ, á sì yan ojú mìíràn sídìí àmì òkè. Nọ́ńbà ló máa fi sọ ibi tí ojú kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ya ẹ́, á gbé àmì náà wá, á fi ojú kan lé èkejì bí ìgbà tí a bá fi ọmọrí dé ìkòkò. Orí Ẹ ńlá, ojú náà ga sókè. Orí ọ, ó wà láàárín gbùngbùn. Ẹni tó ya fọ́ǹtì ti ṣe tirẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ ètò tó ń ka fọ́ǹtì náà.

Ètò wo? Ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Microsoft kọ tirẹ̀, ó pè é ní Uniscribe. Apple kọ ATSUI, ó tún wá kọ Core Text lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ètò ọ̀fẹ́ lórí Linux kọ Pango, àwọn tó ń ṣe Qt ní tiwọn, OpenOffice ń lo ti ICU. Ìlànà kan, fọ́ǹtì kan, ọ̀rọ̀ kan, èsì márùn-ún. Olùkọ́ tó tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ sílé tí àmì ohùn rẹ̀ jókòó dáadáa lè gbé e dé ọ́fíìsì kó bá àmì gbogbo lápá ọ̀tún lẹ́tà wọn. Fọ́ǹtì ló máa bú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, fọ́ǹtì kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Inú àwọn ètò ọ̀fẹ́ yìí ni àtúnṣe ti jáde, láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. FreeType, ètò tó ń ya lẹ́tà fún Linux, ní kóòdù kan fún OpenType nínú ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n kọ ẹ̀dà kejì, wọ́n fi kóòdù yẹn sílẹ̀. Pango mú ẹ̀dà kan lọ tọ́jú, Qt náà mú ẹ̀dà kan, oníkálukú sì ń lẹ tirẹ̀ bó ṣe ń ya. Ọdún ń gorí ọdún, ìyàtọ̀ ń pọ̀ sí i láàárín ọmọ ìyá méjì. Nígbà tó yá, wọ́n pinnu láti kó méjèèjì padà sílé kan, wọ́n sì pe ilé náà ní HarfBuzz, orúkọ tó wá láti inú èdè Páṣíà, tó túmọ̀ sí lẹ́tà tó ṣí sílẹ̀. Behdad Esfahbod, ọmọ Iran tó ń ṣiṣẹ́ ní Red Hat kó tó lọ sí Google, tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìpìlẹ̀.

Àwọn tó ti ní tiwọn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn jù sílẹ̀. Firefox 4 mú un lò ní 2011. Android àti Chrome tẹ̀ lé e. LibreOffice, tó jogún ilé OpenOffice, gbé e sórí Windows, Mac àti Linux bákan náà nínú ẹ̀dà 5.3 ní oṣù kejì 2017, ọdún náà ni Java 9 sì fi í rọ́pò kóòdù ICU tó ń lò. ICU fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n yé lo apá yìí nínú tòun, kí wọ́n lọ lo HarfBuzz. Ohun àràmàǹdà ni kí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń bá ara wọn jà lọ́jà gbà láti jẹun nínú àwo kan. Ọmọ Yorùbá tó ń ka ìròyìn lórí fóònù Android lónìí tí àmì ẹ̀ jókòó síbi tó yẹ kò mọ orúkọ HarfBuzz, ṣùgbọ́n òun ló ṣe é fún un.

Ṣé Apple wá ṣìṣe tó dúró lórí tirẹ̀ bí? Ilé iṣẹ́ náà lówó, ó sì ní òye. Core Text ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún 2015, ìfiránṣẹ́ kan tí wọ́n kó lẹ́tà Lárúbáwá àti òmíràn pọ̀ sínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa iPhone gbogbo ẹni tó bá gbà á. Ní oṣù kejì 2018, lẹ́tà kan ṣoṣo nínú èdè Telugu ti India ṣe irú rẹ̀: ètò tó bá gbìyànjú láti ya lẹ́tà náà á kú lójú ẹsẹ̀, Apple sì sáré gbé àtúnṣe jáde. Lẹ́tà ìyá èdè àádọ́rin mílíọ̀nù èèyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí Apple, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta ní Yaba, ní Èkó, tó ní òun fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà sójú ìwé fúnra òun?

Gbígbára lé ẹlòmíràn náà ní ewu tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fi bò. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta 2016, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bínú lórí àríyànjiyàn orúkọ ètò kan, ó sì kó gbogbo kóòdù rẹ̀ kúrò ní ibi tí ayé ti ń mú un. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ left-pad. Ìlà mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi àyè kún apá òsì ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn ètò ńláńlá bíi Babel ń gbé e lò, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó sì ń lò ó kò mọ̀ pé ó wà nílé àwọn. Iṣẹ́ dúró kárí ayé fún wákàtí mélòó kan, títí wọ́n fi dá a padà. Ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè kọ kó tó jẹun ọ̀sán tán ni wọ́n lọ yá lọ́wọ́ àjèjì.

Left-pad àti HarfBuzz kì í ṣe ẹgbẹ́, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń kó ara wọn sí kòtò. Èkíní kéré débi pé kò yẹ ní yíyá. Èkejì tóbi débi pé ilé iṣẹ́ kan kò lè dá a gbé láìjẹ́ pé èdè kan fara gbá a níkẹyìn, èdè náà kò sì ní jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àǹfààní mìíràn ni pé àjọlò ń mú kí ojú pọ̀ lára rẹ̀. HarfBuzz wà lára àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí Google ń fi OSS-Fuzz, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, dán wò tọ̀sán tòru, tí wọ́n ń da fọ́ǹtì tó bàjẹ́ sí i lẹ́nu láti mọ èyí tí yóò pa á. Bí àṣìṣe kan bá wà níbẹ̀, ó kan gbogbo ayé. Bí wọ́n bá tún un ṣe, gbogbo ayé ló jèrè.

Ibì kan wà tí ìlànà àjọlò fúnra rẹ̀ ti já Yorùbá kulẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Tábìlì lẹ́tà tí GSM ṣe fún SMS gba lẹ́tà 160 nínú ìfiránṣẹ́ kan. À, è, é, ì, ò àti ù wà nínú tábìlì náà. Á, í, ó, ú kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ. Bí ẹ kan ṣoṣo bá yọ́ wọlé, gbogbo ìfiránṣẹ́ náà á bọ́ sínú òǹkà mìíràn tí kò gbà ju 70 lọ. Ẹni tó kọ Yorùbá tó pé á sanwó ìfiránṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta fún ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní òfìfo fi ẹyọ kan rán. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀dọ́ kò ka àmì ohùn sí. Ó yẹ kí wọ́n ka owó náà mọ́ ọn.

Ohun tí ilé lè ṣe fún ara rẹ̀, ilé ti ń ṣe é. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá dá African Languages Technology Initiative sílẹ̀ láti mú èdè Yorùbá àti àwọn èdè Áfíríkà mìíràn wọ inú ẹ̀rọ. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName ṣe kííbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ tí a fi ń tẹ àmì ohùn. Kííbọ́ọ̀dù ni ibi tí ó tọ́ kí a ti fọwọ́ ara wa ṣe é, nítorí pé kò sí ará California tó mọ̀ pé ọwọ́ Yorùbá máa ń wá ẹ ju q lọ. Fọ́ǹtì ńkọ́? Noto, tí Google àti Monotype kéde ní 2016 fún èdè tó ju 800 lọ, ní ojú ìsopọ̀ fún ẹ́ àti ọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà fún àwọn ọmọ wa tó ń kọ ètò ní Èkó, Ìbàdàn, Kútọnu àti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ mú ICU, ẹ mú HarfBuzz, kí ẹ sì fi ọjọ́ tí ẹ ò bá fi kọ tiyín dán ètò yín wò pẹ̀lú “ọ̀rọ̀” lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a lè gbà kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ètò yín wá “Bọ́lá” kó sì rí i. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá rí àmì tó fò kúrò lórí lẹ́tà, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ kọ orúkọ fọ́ǹtì, ètò àti ẹ̀rọ tí ẹ lò sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é. Gbangba ni àwọn tó ń tọ́jú HarfBuzz ti ń gba ẹ̀sùn, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.